Àwọn Tó Tú Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀: Láti York dé Aro

Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé orí rẹ̀ kò pé, ó lè ní, "Aro ló yẹ kí wọ́n gbé ẹ lọ." Àwọn ará Èkó ní tiwọn, "Yaba Left" ni wọ́n ń pè é. A ti fi orúkọ Aro ṣe èébú títí débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè ń wá sí Abẹ́òkúta láti wá kọ́ nǹkan níbẹ̀. Ní ọdún 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà ti kọ́kọ́ ṣe àpérò wọn, àwọn òyìnbó sì wá bá wọn pé. Kì í ṣe Òkè Olúmọ ni wọ́n wá wò. Ohun tó mú kí Aro lókìkí nígbà náà ni pé àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé nínú abúlé, nínú ilé àwọn àgbẹ̀, láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn.

Mo fẹ́ kí a mọ ìtàn yìí dáadáa, ẹ̀yin ará, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wà láàrin wa níhìn-ín ní Kàdúná. Àwọn ìdílé wà nínú ìjọ yìí tí wọ́n ní ẹnìkan nílé tó ń pariwo lóru, tó ń fọ́ àwo, tó ń lu ara rẹ̀ tàbí tó ń lu ìyá rẹ̀, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹni tó bí i nìkan ló mọ bó ṣe rí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì wá tó sọ fún pásítọ̀, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé: ṣé kí a so ó mọ́lẹ̀ ni? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn kan ti dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn bàbá ńlá wa.

Nílẹ̀ Yorùbá, kí ìjọba òyìnbó tó dé, ilé oníṣègùn ni wọ́n ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún ara wa nípa rẹ̀: nǹkan dáadáa wà níbẹ̀, nǹkan burúkú sì wà. Oníṣègùn mọ aláìsàn ní orúkọ, ó mọ ìdílé rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀, inú agbo ilé oníṣègùn náà sì ni aláìsàn ń gbé. Ewé asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n ń lò, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yẹ irú igi bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pàṣán wà níbẹ̀. Àbà tí wọ́n kàn mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lẹ́sẹ̀, irú rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìjọba òyìnbó dé, wọ́n ṣí ilé kan sí Yaba ní ọdún 1907, ọ̀kan sì wà ní Kàlàbá. Asylum ni wọ́n ń pè é. Ká sọ òótọ́, ilé ìtọ́jú kọ́ ló jẹ́, ibi ìfipamọ́ ni. Ẹni tó bá ń da ìgboro rú, wọn á kó o síbẹ̀ kí ìgboro lè rójú. Dókítà òyìnbó kan, Robert Cunyngham Brown, tí wọ́n rán wá yẹ àwọn ilé náà wò, kọ ìròyìn kan tó jáde ní 1938, kò sì fi ẹnu rere sọ̀rọ̀ nípa wọn. Síbẹ̀, nígbà tó di 1944 tí wọ́n ń wá àyè sí i, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lantoro, l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n sọ di ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n o!

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé irú ilé yẹn wá bá wa ti rí èyí tó dára jù ú lọ nílé ara rẹ̀, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí Yaba tó wà.

Ìlú York ni, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Opó kan wà tó ń jẹ́ Hannah Mills, ọmọ ìjọ àwọn Quaker. Àwọn Quaker yìí, nígbà ìsìn wọn, wọn a máa jókòó jẹ́ẹ́ láìsọ̀rọ̀ títí Ẹ̀mí yóò fi mú ẹnìkan nínú wọn sọ̀rọ̀. (Mi ò rò pé àwa lè ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún.) Ní oṣù kẹta ọdún 1790 wọ́n gbé Hannah lọ sí ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ tó wà ní York. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ lọ kí i, wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Kó tó pé oṣù méjì, ó ti kú síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin kan nínú ìjọ wọn, William Tuke. Oníṣòwò tíì ni, kì í ṣe dókítà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn ará sọ̀rọ̀ pé kí ìjọ kọ́ ilé tiwọn, ibi tí wọ́n á ti lè máa wo ènìyàn wọn. Ó ń tọrọ owó kiri lọ́wọ́ wọn, àwọn kan sì kọ́kọ́ rò pé kò pọn dandan. Ní 1796 wọ́n ṣí ilé náà, wọ́n pè é ní Retreat, èyí tó túmọ̀ sí ibi tí ènìyàn lè yà sí láti sinmi. Dókítà tí wọ́n kọ́kọ́ mú, Thomas Fowler, gbìyànjú àwọn ìtọ́jú tó wà lóde nígbà náà, bíi kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, ó sì rí i pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Omi gbígbóná láti fi wẹ̀ ran àwọn tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn, wọ́n á fún un ní oúnjẹ alẹ́ tó yó o dáadáa. Wọ́n kó ehoro àti adìyẹ sínú ọgbà kí àwọn aláìsàn lè ní nǹkan tí wọ́n ń tọ́jú. Àwọn alábòójútó a máa pe àwọn aláìsàn wá mu tíì, àwọn aláìsàn á wọ aṣọ tó dára jù, wọ́n á sì máa ṣe bí àlejò tó mọ̀wàá hù.

Samuel, ọmọ ọmọ William, kọ ìwé nípa ilé náà ní 1813, ìtàn kan sì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá, ẹni bí ọdún 34, òmìrán ènìyàn, tí agbára rẹ̀ ń ba gbogbo ayé lẹ́rù. Ẹ̀wọ̀n ti pẹ́ lára rẹ̀ débi pé okùn ni wọ́n fi so aṣọ rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n lè máa bọ́ ọ, kí wọ́n sì máa wọ̀ ọ́ fún un láìtú ẹ̀wọ̀n. Bó ti dé Retreat, wọ́n tú ẹ̀wọ̀n náà. Wọ́n mú un wọ yàrá tí àwọn alábòójútó ti ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kó jókòó bá wọn jẹun. Ó jókòó. Ó jẹun bí ọmọlúàbí. Lẹ́yìn oúnjẹ, alábòójútó fi ilé hàn án, ó sì sọ fún un pé àwọn kò fẹ́ fi agbára mú un rárá, pé bí ara yóò ṣe tù ú tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára, ó ṣèlérí pé òun yóò kó ara òun níjàánu. Ìlérí náà kò rọrùn o. Àwọn ìgbà kan wà tó tún ń pariwo. Nígbà bẹ́ẹ̀ alábòójútó á lọ sí yàrá rẹ̀, á jókòó tì í. Ọkùnrin náà á tún gbóná sí i fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ara rẹ̀ yá, ó lọ sílé rẹ̀.

Ohun tó máa ń dá mi dúró nínú ìtàn yìí ni àga tí wọ́n fà fún un nídìí tábìlì. Gbogbo ibi tó ti ń bọ̀, bí ẹranko ni wọ́n ṣe ń mú un, ó sì ń hùwà bí ẹranko. Àwọn Quaker kò ṣe bí ẹni pé kò sí ewu. Ẹni tó bá fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, wọ́n ń dá a dúró, wọ́n sì ń dì í mú nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ewu ni wọ́n ń dá dúró. Wọn kò sọ ọ́ di ìtọ́jú.

Àwọn ará Geel, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tilẹ̀ ti ṣáájú àwọn Quaker. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń kó àwọn ènìyàn wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Dymphna Mímọ́ níbẹ̀ fún àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwa náà mọ irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ nìyí: ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọn kì í sọ pé kò nígbàgbọ́. Àwọn ará ìlú á gbà á sílé, á máa bá wọn jẹun, á máa bá wọn lọ sóko, ọ̀pọ̀ sì ń gbé bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Ní 1938, àwọn aláìsàn tó ń gbé nílé onílé ní Geel lé ní 3,700. Mo ti ń bi ara mi léèrè, kí ni ìjọ tiwa ń ṣe lọ́jọ́ kẹwàá?

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1923, Baptist Boys' High School ló lọ. Ó kàwé dókítà ní Birmingham, ó sì lọ kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1954 ó wá gba iṣẹ́ ní Aro. Wọn kò tíì kọ́ ọsibítù náà tán! Dókítà wà, aláìsàn wà, ilé tí wọ́n máa sùn sí ni kò sí.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó máa retí àwọn kọ́lékọ́lé. Lámbò lọ bá àwọn àgbà abúlé tó yí Aro ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n sì máa gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Ìlànà kan ṣoṣo ló le níbẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, àbúrò ìyá rẹ̀ ni o, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ rẹ̀, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ọsibítù láàárọ̀, tí yóò sì lọ mú un bọ̀ lọ́sàn-án. Ní ọsibítù wọ́n ń gba oògùn, wọ́n ń gba ìtọ́jú iná mànàmáná, dókítà àti nọ́ọ̀sì sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n padà sí abúlé.

Ẹ wo ohun tí abúlé ń ṣe fún ènìyàn tí orí rẹ̀ dàrú. Bó bá jí, wọ́n á ní "ẹ ò jí ire bí," ó ní láti dáhùn. Ọmọdé á kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n ń se ọbẹ̀, wọ́n ń yan gàrí, ìjà tọkọtaya ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n ń parí ìjà náà lójú rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè gbàgbé pé ènìyàn lòun. Nínú asylum, aláìsàn mẹ́wàá ló ń wo ojú aláìsàn mẹ́wàá láti àárọ̀ dalẹ́.

Àwọn ará abúlé náà jèrè. Ọsibítù yá wọn lówó láti fi tún ilé wọn kọ́, omi ẹ̀rọ wọlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n ń pa ẹ̀fọn. Mo fẹ́ràn ibí yìí nínú ìtàn náà. Lámbò kò kàn wàásù fún wọn pé kí wọ́n ní ìfẹ́. Ìdílé tó ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ó ń ná wọn lówó, ó ń gba oorun wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ gbọ́dọ̀ gbé nǹkan lé wọn lọ́wọ́.

Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á fa ojú ro síbí yìí, èmi náà kò sì ní fọwọ́ sí ẹbọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá lọ́dọ̀ wọn yé mi. Aláìsàn tó gbà pé ayé ló ń ṣe òun, bí dókítà bá fi í rẹ́rìn-ín, kò tún ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu dókítà náà mọ́. Lámbò fẹ́ mọ ohun tó ń ba aláìsàn lẹ́rù kó tó fún un lóògùn. Ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva ní 1971, níbi tó ti di igbákejì ọ̀gá àgbà. Ó kú ní 2004.

Àjọ Ìlera Àgbáyé yìí kan náà ṣe ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, ní ìlú mẹ́sàn-án, lórí àrùn tí wọ́n ń pè ní schizophrenia, èyí tó máa ń mú kí ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀, Washington wà níbẹ̀, Moscow wà níbẹ̀, Ìbàdàn náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn náà, ti Ìbàdàn wà lára àwọn tí ara wọn yá jù, wọ́n sì ṣe dáadáa ju ti Lọ́ńdọ̀nù àti Washington lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ ń nawọ́ sí mọ̀lẹ́bí àti iṣẹ́ tí aláìsàn ṣì ń rí ṣe láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀.

Báwo wá ni àga ìjẹun àti ilé àgbẹ̀ ṣe ń ṣe ohun tí ẹ̀wọ̀n kò lè ṣe? Àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà tan ìmọ́lẹ̀ sí i nígbà tó yá. Ní 1985, Edward Carr àti Mark Durand tẹ̀ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ mẹ́rin tí ọpọlọ wọn kò dàgbà tó ọjọ́ orí wọn. Àwọn ọmọ yìí ń hùwà tó le. Àwọn olùwádìí kò kọ́kọ́ bèèrè pé báwo la ṣe máa dá a dúró. Wọ́n ń wo ìgbà tó máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn kan ń ya nǹkan nígbà tí iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn bá le jù, àwọn mìíràn nígbà tí àgbàlagbà kò bá kọbi ara sí wọn. Wọ́n kọ́ ẹni tí iṣẹ́ le fún pé kó sọ pé kò yé òun. Wọ́n kọ́ ẹni tó ń wá ojú rere pé kó béèrè bóyá iṣẹ́ òun dára. Bí wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè sọ, ìwà náà lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ìwà náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu tí wọ́n máa fi sọ ọ́ ni wọn kò ní.

Lórí irú ìmọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró lé lónìí. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń kọ́ wọn láti kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ni ẹni náà ṣe, kí ló tẹ̀lé e. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ lè rí i pé ọmọ tó ń fọ́ àwo lálaalẹ́ ń ṣe é nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí dún, tàbí nígbà tí àlejò bá dé tí wọ́n sì tì í mọ́ yàrá. Mi ò sọ pé oògùn kò wúlò. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn nílò oògùn, kò sì sí pásítọ̀ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba oògùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ ìgbàgbọ́. Àdúrà àti oògùn kì í jà.

Ọkùnrin Gádárà tó wà nínú Máàkù orí karùn-ún, àwọn ará ìlú rẹ̀ ti fi ẹ̀wọ̀n dè é lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì ràn án lọ́wọ́ kankan. Ìbéèrè ni Jésù bi í, orúkọ rẹ̀ ni Ó bèèrè. Nígbà tí ó sì fẹ́ máa tẹ̀lé E lẹ́yìn ìwòsàn, ilé lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni Ó rán an lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, ní Kàdúná wa níbí, wọ́n rí ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300, ọ̀pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀. Ìdílé wọn ló mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀: wọ́n ní ó ń mu oògùn olóró, tàbí apá wọn kò ká a mọ́. A sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà náà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn kejì ni. Kò ju oṣù méjì lọ tí àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n dé ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Abùjá. Ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀wọ̀n, pẹ̀lú àwọn aláìsàn tí wọ́n ń febi pa tí wọ́n sì ń pè é ní ààwẹ̀. Òfin tí a ń lò lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà, ti 1958 ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti wà láti 1916. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa, kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ní ẹnìkan nílé, kó wá rí mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Wẹsidé. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí pèpéle, mi ò sì ní kó o sínú àdúrà gbogbogbòò. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí yóò mú un lọ láàárọ̀, tí yóò sì mú un bọ̀ lọ́sàn-án ni kò sí, ẹ sọ ìyẹn náà fún mi, ká wá ẹni tí yóò máa bá a lọ.